Ọjọ́ Tí A Wà Nínú Rẹ̀

Sàlímátù ọmọ Nàfísátù ni ẹni àkọ́kọ́ tó lọ sí yunifásítì láti abúlé wọn tó wà lẹ́yìn ìlú Tatonnonkon. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni. Ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ àti ọ̀nà ló ń kọ́ ní Àjàṣẹ́. Bàbá rẹ̀ ti kú. Ẹ̀gẹ́ títà ni ìyá rẹ̀ fi tọ́ ọ.

Ọ̀nà ẹsẹ̀ ló lọ láti abúlé náà dé ọjà Ìdí-Ẹ̀kìkà. Wákàtí kan àbọ̀ ni fún ẹni tí ara rẹ̀ le. Fún Nàfísátù, ó ti di wákàtí mẹ́ta láti ìgbà tí orúnkún òsì rẹ̀ ti ń dùn ún. Kò tìtorí ìyẹn gbé ẹrù sílẹ̀. Bí wọ́n bá ní kó sinmi, á ní, "Ẹ̀gẹ́ kò ní ẹsẹ̀."

Lọ́dún yìí, olùkọ́ kan pín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní mẹ́ta-mẹ́ta, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ó ní kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣe ohun kan sínú fóònù tí ará ìlú á lè lò. Àpílì ni wọ́n ń pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Rogatien, tó ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, àti Prisca, tó ń kọ́ àwòrán yíyà, ni wọ́n pín mọ́ Sàlímátù. Ẹ̀gùn ni Rogatien, Faransé sì ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń bá ara wọn sọ.

Rogatien ní, "Ta la fẹ́ ràn lọ́wọ́?"

Sàlímátù ní, "Orúnkún ìyá mi."

Àwọn méjì tó kù rẹ́rìn-ín. Nígbà tó ṣàlàyé, wọn kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe é. Obìnrin tó bá ní ẹrù á tẹ nọ́ńbà kan. Ohùn Sàlímátù á kí i, á bi í pé àpò mélòó, á ní ọlọ́kadà ń bọ̀ lọ́jọ́ ọjà. Tí ọjà bá ku ọ̀la, fóònù Hàkímù ní Ikpinlè á dún. Hàkímù ni ọ̀gá àwọn ọlọ́kadà tó gbà láti ṣiṣẹ́ náà.

Ọjà kìn-ín-ní bọ́ sí ọjọ́ Àìkú. Ọ̀kadà méje wá, wọ́n kó gbogbo ẹrù. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta náà, tí wọ́n wá wò ó ní abúlé, padà sí Àjàṣẹ́ pẹ̀lú ayọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, Hàkímù pe Sàlímátù.

"Àbúrò, a ti dé o. Ọ̀kadà méje. Kò sí ẹrù. Àwọn obìnrin ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́."

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní àná ni ọjà."

"Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí ẹ kò wá lánàá?"

"Fóònù kò pè mí. Ẹ̀yin lẹ ní kí n máa gbọ́ ti fóònù. Mo ti gbọ́ tirẹ̀. Mo sì máa pàdánù ìrun Jímọ̀, nítorí mi ò ní lè padà kánkán."

"Ìyá mi ńkọ́?"

"Wọ́n ní ó gbé ẹrù rẹ̀ lórí lọ. Wọ́n ní orúnkún náà ti wú."

Sàlímátù lọ bá Rogatien. Ó bú u. Ó ní ẹni tí kò mọ ẹrù lórí kò lè mọ iṣẹ́ ẹlẹ́rù. Rogatien ṣí ìwé tó máa ń kọ ọ̀rọ̀ wọn sí, ó fi ibì kan hàn án. Ọwọ́ Sàlímátù fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́: ọjà, ọjọ́ márùn-ún márùn-ún.

Ó wò ó pẹ́. Láti kékeré ló ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá rẹ̀ pé ọrọọrún ni ọjà. Kò kà á rí.

Prisca ní, "Máa lọ wo ìyá rẹ. A ó wà níbí."

Ilẹ̀ kò tíì ṣú tó fi délé. Nàfísátù jókòó sórí ẹní, ó ń fi òrí ra orúnkún. Sàlímátù kúnlẹ̀.

"Ìyá, ẹ má bínú."

"Dìde. Ohùn rẹ tó wà nínú fóònù mọ èèyàn kí jù ọ́ lọ. Ìwọ ò tíì kí mi."

Ó kí i. Lẹ́yìn náà ó gba òrí lọ́wọ́ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ra orúnkún náà fún un.

"Ìyá, ọrọọrún kọ́ ni ọjà ni?"

"Òun ni."

"Àìkú ni ọjà. Ajé, ọ̀kan. Ìṣẹ́gun, méjì. Ọjọ́rú, mẹ́ta. Ọjọ́bọ̀, mẹ́rin. Jímọ̀, márùn-ún."

"Ọjọ́ Àìkú ńkọ́?"

"Òun ni ọjà."

"Ṣé ọjà kì í ṣe ọjọ́ ni?" Nàfísátù na ọwọ́ rẹ̀. Ó di àtàǹpàkò mú. "Àìkú rèé. Ajé. Ìṣẹ́gun. Ọjọ́rú." Ó kan ọmọńdinrín. "Ọjọ́bọ̀. A kì í fi ọjọ́ tí a wà nínú rẹ̀ sílẹ̀. Ọjọ́ Àìkú ni mo bí ọ. Ọjọ́ mélòó la fi sọ ọ́ lórúkọ?"

"Mẹ́jọ."

"Ọjọ́ wo ló bọ́ sí?"

Sàlímátù fi ìka kà á, láti ọjọ́ ìbí. "Àìkú."

"Ìwọ náà ti gbọ́."

Sàlímátù pe Rogatien. "Fi mẹ́rin síbẹ̀."

"Ìyá rẹ ló ní mẹ́rin?"

"Márùn-ún ló wí. Ó tọ̀nà. Ẹ̀rọ ni kò mọ òní kà."

Rogatien ní, "Òótọ́ ni. Orí òdo ni ẹ̀rọ ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Bí mo bá ti lọ sọ́jà pẹ̀lú yín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ǹ bá mọ̀."

"Èmi tí mo ti lọ nígbà ọgọ́rùn-ún ńkọ́?"

Prisca gbọ́ ọ̀rọ̀ ìka náà. Ní ọjọ́ kejì, ó fi àwòrán ọwọ́ kan ránṣẹ́. Àtàǹpàkò pupa, ọmọńdinrín pupa fún ọjọ́ ọjà, mẹ́ta àárín funfun.

Ọjọ́ Àìkú, Sàlímátù gbé àwòrán náà lọ láti ilé dé ilé. Ilé mẹ́tàlá. Ó ń sọ ọ́ ní ilé kọ̀ọ̀kan pé àṣìṣe òun ni. Ìyá Rosine, tí ẹnu rẹ̀ mú ju ti gbogbo abúlé lọ, wo àwòrán náà, ó pòṣé.

"Yunifásítì ni wọ́n ti kọ́ ọ láti gbàgbé òní?"

"Níbẹ̀ ni, Ìyá."

"Èmi á gbé tèmi sórí. Orí mi kì í pa ọjọ́ dà."

Àwọn obìnrin tó ti pé jọ rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó tẹ nọ́ńbà. Nàfísátù tiro jáde láti inú ilé rẹ̀, fóònù lọ́wọ́. Ó tẹ̀ ẹ́ lójú gbogbo wọn.

"Àpò méjì," ó sọ fún ohùn ọmọ rẹ̀.

Ìyá Rosine ní, "O ṣì gbà á gbọ́?"

"Èmi ni mo bí i."

Obìnrin mẹ́rin mìíràn tẹ̀ ẹ́. Ìyá Rosine kò tẹ̀ ẹ́.

Ní ọjọ́ Ajé, oòrùn kò tíì yọ tí wọ́n fi gbọ́ ìró ọ̀kadà. Hàkímù ló ṣíwájú. Wọ́n di àpò Nàfísátù mọ́ ọ̀kadà. Hàkímù ní kó gùn ún, ó kọ̀. Ó ní orúnkún òun kò tíì gbà kí òun gbé ẹsẹ̀ sókè tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ọlọ́kadà lọ. Ìyá àti ọmọ fẹsẹ̀ rìn tẹ̀ lé wọn.

Nàfísátù kò gbé nǹkan kan. Kò rìn lọ sọ́jà bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí ọ̀nà ti ṣẹ́ kọ́nà, ọwọ́ òsì rẹ̀ lọ sókè láti di ẹrù tí kò sí lórí rẹ̀ mú. Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Nígbà tó yá, ó tún gbé e sókè.

Ní ìgbà kẹta, Sàlímátù gba ọwọ́ náà mú. Ó dì í mú títí wọ́n fi dé ọjà.