Àwọ̀ Mẹ́ta Husseinat

Ọwọ́ Husseinat ni mo kọ́kọ́ rí kí n tó rí ojú rẹ̀. Yíǹkì pupa wà lára àtàǹpàkò, yẹ́lò wà lára ìka kan, búlúù wà lára òmíràn. Mo gbé iṣẹ́ kàlẹ́ńdà Ramadan ilé-kéwú wa lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé rẹ̀ ní àdúgbò Challenge lọ́jọ́ náà. Àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní asẹ́ tirẹ̀ tí yíǹkì ń gbà kọjá sórí bébà, ó sì máa ń fi àmì sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí wọ́n lè bára mu.

Àṣìṣe rẹ̀ ni pé ó ti tẹ àwòrán ojú ọ̀run sórí irínwó bébà dúdú kí ó tó fi hàn wá. Ààwẹ̀ ku ọjọ́ mẹ́sàn-án. Nígbà tí èmi àti Alfa Abdulmumini, olórí ilé-kéwú wa, padà lọ síbẹ̀, Alfa wò ó títí.

“Ṣé o gun òkè ọ̀run lọ kun àwọn ìràwọ̀ yìí ni?”

“Rárá o, Alfa. Awò ńlá tí wọ́n fi ń wo ìràwọ̀, tó wà lójú ọ̀run, ló yà á. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni mo ti rí i.”

“Pẹ̀lú àwọ̀ báyìí? N kò ní gbé irọ́ kọ́ mọ́ṣáláṣí nínú oṣù ààwẹ̀. Kó o padà.”

Gbogbo wa la mọ̀ pé bí Alfa bá kọ iṣẹ́ rẹ̀, kò sí ilé-kéwú tí yóò tún wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Husseinat tẹ́ fíìmù kan, ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó fi ṣe asẹ́, sórí gíláàsì tí iná wà lábẹ́ rẹ̀. Àmì dúdú ni ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n àárín ṣófo.

“Èyí ni ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa ń rí. Eruku tó wà lójú ọ̀run ló dí àárín yẹn.”

Ó gbé fíìmù kejì lé e, igun sí igun. “Èyí ni ìmọ́lẹ̀ tí ojú ò rí, tí ara ń mọ̀ bí ooru. Ó la eruku kọjá.”

N kò mọ ìgbà tí mo dìde. Ìràwọ̀ ti bo ojú òfìfo náà bí èèrà tó bo ṣúgà! Nígbà tí ó gbé ẹ̀kẹta, ti ìmọ́lẹ̀ ooru mìíràn, lé e, eruku náà fúnra rẹ̀ hàn, nítorí òun náà ní ooru tirẹ̀.

Alfa fa fíìmù kejì yọ, ó dá a padà, ó tún fà á yọ.

“Subhanallah! Wọ́n ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀?”

“Kí wọ́n tó bí baba ńlá wa, sà.”

“Àwọ̀ ńkọ́?”

“Èmi ni mo yàn án, ọ̀kan fún ìmọ́lẹ̀ kọ̀ọ̀kan. N kò fi ìràwọ̀ kan kún un.”

“Kọ ohun tí o sọ yẹn sára kàlẹ́ńdà náà.”

Husseinat ṣe asẹ́ tuntun, ó sì tún gbé irínwó bébà náà lẹ́yọ lẹ́yọ, ó tẹ ọ̀rọ̀ yìí sí wọn: “Atẹ̀wé ló yan àwọ̀, kò fi ìràwọ̀ kankan kún un.”

Ṣọ́ọ̀bù Husseinat ti kó lọ sí àdúgbò Adéwọlé báyìí, kàlẹ́ńdà ilé-kéwú mẹ́fà ló sì ń tẹ̀ lọ́dọọdún.