Àǹtí Tó Ní Ká Bú Iṣẹ́ Òun

Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, n kò tíì rí irú ẹ̀ mọ́: ẹni tó gbé iṣẹ́ tí kò tíì parí jáde, tó pe àwọn tó jù ú lọ jọ, tó wá ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bú u.

Láàárín àwọn ọdún 1980 ni, n'Ìjẹ̀bú-Òde. Èmi ni sítọ́kípà, ẹni tó ń ka ọjà tó wọlé àtèyí tó jáde, fún Alàájì kan tó ń ta símẹ́ǹtì, páànù àti ìṣó lọ́nà Odògbolú. Píráímárì ni mo kà mọ. Alàájì lọ sí Èkó, ó rí kọ̀ǹpútà ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀rẹ́ ẹ̀, ló bá ra tiẹ̀. Wọ́n ní kọ̀ǹpútà ò mọ nǹkan kan fúnra ẹ̀, èèyàn ló gbọ́dọ̀ kọ ohun tó máa ṣe sínú ẹ̀. Ó wá gba ọmọbìnrin ará Ayépé kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yunifásítì, pé kó wá kọ ọ́. Àǹtí la ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo lè bí i.

Àyà mi já. Bí ẹ̀rọ bá mọ ọjà tó kù nílẹ̀, kí wá ni wọ́n ń sanwó fún èmi fún? Bí mo bá fẹ́ kọjá níwájú kọ̀ǹpútà náà, ẹ̀gbẹ́ ògiri ni mò ń bá rìn, bí ẹni tó ń sá fún ajá aládùúgbò.

Mo rò pé Àǹtí máa ti ara ẹ̀ mọ́lé fún ọdún kan, kó tó gbé iṣẹ́ tó pé jáde. Àfi bó ṣe di ọjọ́ Jímọ̀ àkọ́kọ́ tó pe èmi àti ìyá tó ń gbowó ní kàúńtà sídìí kọ̀ǹpútà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó. Ọjà tó wọlé àti ọjà tó jáde nìkan ni ẹ̀rọ yìí ṣì mọ̀. Kí ni kò dáa níbẹ̀?"

Ẹnu mi là sílẹ̀. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa ni pé bí ẹnì kan bá fi iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ hàn ọ́, wàá kí i kú iṣẹ́. Bí kọ́là ẹ̀wù tí télọ̀ rán fún ọ bá tiẹ̀ wọ́, ó dilé kó o tó sọ̀rọ̀.

"Ó dáa gan-an, Àǹtí," mo ní. "Ẹ kú làákàyè."

Ìyá oníkàúńtà náà gbè mí lẹ́sẹ̀: "Kò kù síbì kan."

Ojú Àǹtí fà ro. "Ẹ ò rí nǹkan kan rárá? Ohun tẹ́ ẹ bá sọ ni n óò tún ṣe kí Jímọ̀ tó ń bọ̀ tó pé o."

"Rárá o. Ó pé."

Ibi tá a ti ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni oníbàárà kan ti kó páànù padà wá. Ẹ mọ̀ wá n'Ìjẹ̀bú: èèyàn á ra páànù tó lé díẹ̀, kí iṣẹ́ káfíńtà má bàa dúró. Tí wọ́n bá kan òrùlé tán, á kó ìyókù padà fún ẹni tó tà á, onítọ̀hún á sì gbà á tẹ̀rín-tẹ̀rín. Mo gba páànù, mo rí i kedere pé ẹ̀rọ náà ò ní àyè fún ọjà tó bá padà wá. Mo panu mọ́. Ìwà ọmọlúàbí ni, ẹ̀rù sì ràn án lọ́wọ́ díẹ̀.

Bá a ṣe ń bá a lọ nìyẹn. Jímọ̀ dé, Àǹtí á fi díẹ̀ kún un, àwa náà á yìn ín.

Ó di Jímọ̀ kan, Alàájì wọlé tòun ti agbádá funfun tó fẹ́ wọ̀ lọ kírun.

"Ṣé ó ti pé?"

Àǹtí ní, "Wọ́n ní ó pé, sà. N ò gbọ́ àléébù kankan lẹ́nu wọn."

Alàájì kọjú sí mi, ó ń rẹ́rìn-ín. "Alihamudulilai. Sítọ́kípà, o ti sìn mí dáadáa. Bí oṣù yìí bá parí, kó o lọ sinmi. Ìwọ náà ṣáà ti sọ pé ẹ̀rọ yìí pé."

Ẹnu ara mi ni mo fi yin ara mi kúrò lẹ́nu iṣẹ́!

"Kò pé!"

N ò tètè mọ̀ pé èmi ni mo pariwo. Ìyá oníkàúńtà fọwọ́ bo ẹnu.

"Àǹtí, ẹ̀rọ yín ò dáa! Ọjà tí wọ́n bá dá padà ńkọ́? Tí ọjà bá ti jáde, ẹ̀rọ náà ò mọ bó ṣe ń padà sílé! Béèyàn bá ṣi bọ́tìnì tẹ̀, ó di dandan kó tún gbogbo ẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Lẹ́tà ẹ̀ sì dà bí èèrà!"

Mò ń retí ẹkún. Àǹtí fò sókè, ó pàtẹ́wọ́, ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀.

"Ẹ ṣeun, Ẹ̀gbọ́n! Ẹ tún bú u sí i, ẹ jọ̀ọ́!"

Mo wo Alàájì, Alàájì wò mí.

"Ó ń bú ẹ, o ń dúpẹ́?"

"Alàájì, ohun tí mo ti ń wá látìgbà tí mo ti dé nìyí. Tí wọ́n bá ń yìn mí, inú òkùnkùn ni mo wà. Bẹ́ ẹ bá ní kí Ẹ̀gbọ́n máa lọ, ta ló máa sọ ọ́ fún mi?"

Alàájì tún fìlà ẹ̀ ṣe. "Ó dáa. Títí àléébù ẹ̀rọ yìí á fi tán, kí sítọ́kípà ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́." Ló bá gba mọ́ṣáláṣí lọ.

Nígbà tí Jímọ̀ mìíràn fi máa dé, ọjà tó padà wá ti ní àyè tiẹ̀. Mo ṣàròyé pé kò mọ páànù tó bà jẹ́. Ó tún ìyẹn náà ṣe. Ìgbà yẹn ni jìnnìjìnnì tuntun bò mí: gbogbo ohun tí mo bá bú ló ń dáa! Ọmọ yìí ò kúkú ní jẹ́ kí àléébù pẹ́ nílẹ̀.

Jímọ̀ kan wá dé, mo wá àléébù títí, n ò rí. Àǹtí mú bírò dání, ó ń wo ẹnu mi. Ìyá oníkàúńtà já mi léèékánná.

"Sítọ́kípà, sọ̀rọ̀ o. Oṣù ti ń parí lọ."

"Àwọ̀ ewé tó fi ń kọ̀wé yẹn," mo ní, "ó ń ta mí lójú."

Àǹtí mi orí. "Ìyẹn ò sí lọ́wọ́ mi, Ẹ̀gbọ́n. Bí wọ́n ṣe ṣe gíláàsì ẹ̀ nìyẹn. Kò ṣeé yí padà láéláé."

"Láéláé?"

"Láéláé."

Mo mí kanlẹ̀, mo fẹ̀yìn ti àga. "Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀," mo ní. "Ẹ sì sọ fún Alàájì pé kò tíì tán."