Olú tó hù lára òpó yàrá ìyá mi

Ìyá mi ò nílé mọ́ láti òní, èmi gan-an ni mo lé wọn jáde.

Láàárọ̀, mo rí olú pupa tíntìn-tín bí ife lára òpó tó gbé àjà yàrá wọn ró ní Pópó Àgùdà. Mo gé e lọ sí láàbù tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Nínú maikirosíkóòpù, mo rí irúgbìn rẹ̀ tó tò sínú àpò gígùn, mo sì dá a mọ̀. Igi tó ti ń jẹrà ló máa ń hù sí.

Mo sáré padà sílé.

"Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáde. Òpó yìí ti jẹrà."

"Òpó tí bàbá mi rì? Olú lásán ni yóò lé mi?"

Mo ti ọ̀bẹ bọ òpó náà. Ó wọlé bí ẹni gé búrẹ́dì.

Wọ́n ká ẹní ìrun wọn, wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀.

Ojúde aládùúgbò ni wọ́n jókòó sí báyìí, wọn ò jẹ, wọn ò mu. Ẹ gbà mí o, kí ni kí n sọ fún wọn?