Họ́ọ̀lù Tí A Kọ́ Sílẹ̀ De Òjò

Òórùn ọ̀dà tuntun kì í bá mi lára mu mọ́. Bí mo bá ń kọjá ní Ring Road tí mo pàdé ilé kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn, inú mi á ti bàjẹ́ kí n tó rántí ìdí rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi, àdúgbò Àgbowó tí mò ń gbé ló kó o bá mi. Ní ìsàlẹ̀ àdúgbò wa níbẹ̀, níbi tí ilẹ̀ ti ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sí etí odò, ọdọọdún ni omi máa ń ya wọlé, títí ìjọba fi fi owó ìlú kọ́ họ́ọ̀lù kan sórí òkè kékeré tó wà láàárín wa, kí a lè máa rí ibi sá sí. Ara ògiri họ́ọ̀lù yẹn ni mo fẹ̀yìn tì lọ́jọ́ tí ojú wa rí màbo, òórùn ọ̀dà rẹ̀ sì ń ta sí mi nímú.

Obìnrin kan tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Nọ́ọ̀sì ló jà fún un. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ọkọ wọn sì ti di ẹni tí ń jókòó sórí kẹ̀kẹ́ arọ látìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlù wọ́n. Bí omi bá ti dé, gbígbé ni à ń gbé Bàbá gun àtẹ̀gùn lọ sókè ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà tó wà nítòsí, bí ẹní gbé àpótí. Ìyẹn ló ń dun Ìyá. Wọ́n fẹ́ ibi tí ọkọ wọn yóò ti wọlé bí èèyàn. Wọ́n pààrà ọ́fíìsì ìjọba títí àwọn akọ̀wé ibẹ̀ fi mọ ìró bàtà wọn, nígbà tó sì yá, kọ́ńtírakítọ̀ dé. Họ́ọ̀lù náà rẹwà, n kò ní parọ́. Kò ní àtẹ̀gùn rárá, ilẹ̀kùn rẹ̀ fẹ̀ dáadáa, wọ́n sì kó ẹní, kúbùsù àti àga sínú rẹ̀.

Látìgbà tí wọ́n ti fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ni Ìyá ti ń kọ́ wa. Lọ́jọ́ ìmọ́tótó òpin oṣù, tí a bá ti kó pàǹtí inú gọ́tà tán, wọ́n á tò wá sójú ọ̀nà, a ó sì jọ rìn gòkè lọ síbẹ̀, àtọmọdé àtàgbà. “Bí odò bá ti ń kún, ẹ má wo tẹlifísọ̀n, ẹ má wo fíríìjì. Ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ti di àná. Họ́ọ̀lù ni kí ẹ gbà lọ tààrà.” A máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, pé ṣé àwọn àti òjò jọ ń ṣèpàdé ni. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní ká tún un rìn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wá létí, kódà àwọn ọmọdé ń fi í ṣeré.

Ohun kan ló kù: wọn ò tíì ṣí i. O ṣáà mọ̀ wá. Ohun tí ìjọba bá ṣe fún wa, a kì í fọwọ́ kàn án títí ọ̀gá kan yóò fi wá gé ríbọ́ọ̀nù lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ọ̀gá tí yóò gé tiwa fi í sí ọ̀sẹ̀ yìí, ó tún yẹ̀ ẹ́ sí òmíràn, bẹ́ẹ̀ òjò ti ń ṣú. Alága àwọn lánlọ́ọ̀dù, ọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ tó ti lo ayé rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ló ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́. Ìyá bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ ká máa lò ó.

“Ìyá, ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n ní a ò lẹ́kọ̀ọ́ ni? Kànga ẹ̀rọ tí a bẹ̀ wọ́n fún ńkọ́? Ṣé wọ́n á tún gbẹ́ ẹ?”

Ọ̀rọ̀ náà jọ wá lójú. Ta ni kò fẹ́ omi ẹ̀rọ? A gbá iwájú họ́ọ̀lù mọ́ tónítóní, a ń retí àlejò.

Ọ̀sán Sátidé ni òjò yẹn bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí odò kún bo etí rẹ̀, kò sẹ́ni tó ń bèèrè ibi tí à ń lọ. A fi ẹrù sílẹ̀, a fa ọmọ lọ́wọ́, àwọn ọkùnrin bá Ìyá ti kẹ̀kẹ́ Bàbá, a gòkè. Inú mi tiẹ̀ ń dùn díẹ̀ pé a mọ̀ ọ́n ṣe. A dé ẹnu ọ̀nà, ẹ̀wọ̀n àti àgádágodo la bá.

Alága wà níbẹ̀ lábẹ́ agboòrùn, fóònù létí, kọ́kọ́rọ́ lápò. “Mò ń gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn ni. Ìpè ò wọlé. Ẹ ní sùúrù.” Láti ojú fèrèsé, à ń wo ẹní gbígbẹ, à ń wo àga tí ọ̀rá ṣì wà lára rẹ̀. Bíríkìlà kan gbé òkúta. Alága dí ojú ilẹ̀kùn, ó ní, “Ohun ìjọba ni o! Bí wọ́n bá bi mí, kí ni kí n wí?” Bíríkìlà sọ òkúta sílẹ̀. Gbogbo wa là ń bẹ̀rù ohun ìjọba ju òjò lọ. Nígbà tí ẹnì kan fi rántí ṣọ́ọ̀ṣì, omi ti gba ọ̀nà. Ìyá bọ́ ìborùn wọn, wọ́n fi bo Bàbá.

“Alága, ọkọ mi ń gbọ̀n.”

“Mo rí i, Ìyá. Mo ṣì ń pè wọ́n.”

Lóòótọ́ ló ń pè wọ́n. Ó pè wọ́n títí òjò fi dá.

Otútù náà wọ Bàbá láyà. A gbé wọn lọ sí ọsibítù, wọn ò sì padà wálé mọ́. Alága wá kí Ìyá kú ọ̀fọ̀, ó sì sunkún gidi. Ìyá wò ó títí, wọ́n ní, “Ṣé wọ́n ti ṣí i?” Ó ní, “Ọ̀gá ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, mà.” Ọ̀gá náà sì wá lóòótọ́. Ó gé ríbọ́ọ̀nù, ó yìn wá pé a mọ ohun ìjọba tọ́jú, pé kò sí ipa ẹsẹ̀ kan nílẹ̀ họ́ọ̀lù náà. A pàtẹ́wọ́ fún un. Àtẹ́wọ́ yẹn ṣì ń bí mi nínú títí dòní. Wọn ò sì gbẹ́ kànga kankan.

Ìyá ló ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ báyìí. Bí ojú ọ̀run bá ti ṣú, wọ́n á lọ ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu, wọ́n á tẹ́ ẹní, wọ́n á tan iná. Ẹnikẹ́ni kì í lọ. Àwọn kan ti padà sókè ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn mìíràn á gbé ọmọ sórí tábìlì nínú ilé, wọ́n á máa gbàdúrà. Nígbà tí òjò ńlá rọ̀ kẹ́yìn, mo gòkè lọ wò wọ́n. Ìyá nìkan ló jókòó láàárín ẹní tó kún ilẹ̀.

Mo ní, “Ìyá, wọn ò ní wá o.”

“Mo mọ̀. Ká ní ẹlòmíì ló kọ́ mi, tí mo gbọ́ tiẹ̀, tí mo wá bá ẹ̀wọ̀n lẹ́nu ọ̀nà, èmi náà ò ní wá mọ́.”

Mo jókòó tì wọ́n. Ìgbà yẹn ló tó yé mi, ọ̀rẹ́ mi, ohun tí a pàdánù. Ìjọba lè tún kó owó ìlú jọ lọ́la, kí wọ́n kọ́ họ́ọ̀lù tó ju tiwa lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ oṣù ni Ìyá fi kọ́ odindi àdúgbò láti gba ọ̀rọ̀ wọn gbọ́, ọ̀sán kan péré sì ni àgádágodo fi sọ wọ́n di òpùrọ́ lójú àwọn tó fẹ́ràn wọn. Kò sí owó ìjọba tí a lè fi tún ìyẹn kọ́.