Táńkì Omi Gbígbóná Sàídì Jórinjórin

Àárọ̀ ọjọ́ tí Lèmọ́mù fi omi Sàídì ṣe àlùwàlá ni àdúgbò Bẹyẹrúnkà n'Íbàdàn ò lè gbàgbé. Ọyẹ́ ń buni jẹ. Sàídì jórinjórin, tó ti ń jó irin mọ́rin lábẹ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wọn láti ìgbà òjò, ló lọ fà á wá sídìí táńkì tuntun náà: "Àlùfáà, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ ṣí i." Omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ ń dà, Lèmọ́mù ń ṣàdúà fún un. Ìgbà tí ilẹ̀ mọ́ ni jámáà rí i pé ojú Lèmọ́mù ń dán, irùngbọ̀n rẹ̀ sì pọ́n. Àgbá epo pupa ni Sàídì fi ṣe táńkì.

"Ṣé ẹ fọ àgbá yẹn ṣá?" Karimat ìyàwó rẹ̀ bi í.

"Mo fọ̀ ọ́. Epo ni ò gbọ́."

Ó ti rẹ Karimat tipẹ́. Láti ìgbà tó ti wọlé ọkọ, òun ló ń jí ṣáájú gbogbo ilé láti gbé omi àlùwàlá kaná. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tó lóṣòó ti iná, Sàídì gbọ́ bí orúnkún rẹ̀ ṣe ń dún. Ó gba ọjà Ògùnpa lọ, ó ra àgbá ńlá àti kékeré, ó ki ọ̀kan bọ inú èkejì, ó sì fi ìyẹ̀fun igi dí àárín wọn.

"Tá a bá dáná sí i nírọ̀lẹ́, á gbóná di àsùbáà. Wàá máa sùn."

"Ìkòkò ni mo ń dáná sí tẹ́lẹ̀, ó ti wá di àgbá. Ta ni yóò máa gbé igi sọ̀kalẹ̀?"

Sàídì wúkọ́. "Mi ò tíì ṣe é débẹ̀."

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ epo, ó ní ooru ń gba ojú ìdérí jáde, ló bá jó ìdérí náà pa mọ́ àgbá. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Karimat dùbúlẹ̀ jẹ́jẹ́, àfi gbì! Bẹ́ẹ̀dì fò. Àṣàkẹ́, aládùúgbò wọn, gbé ẹrù, ó forí lé Ọjà'ba, ó ń ké pé odò Ògùnpa ti ya. Sàídì jáde lábẹ́ ilé, ó tutù rinrin, ìyẹ̀fun igi kún irùngbọ̀n rẹ̀.

"Ìyá Basit, ṣé o gbọ́ bó ṣe lágbára tó?"

"Mo fi ìdí gbọ́ ọ."

Ó tún táńkì náà jó, ó dá ihò sí i kó lè máa mí, ó sì ṣiṣẹ́ wàyí. Ṣùgbọ́n gbogbo àdúgbò ló ń gbé garawa wá. Kí Karimat tó rọra sọ̀kalẹ̀ dé ìdí ẹ̀rọ, omi á ti tán. Ìkòkò rẹ̀ náà ló padà sí.

Àìsàn ránpẹ́ ló mú Sàídì lọ. Nígbà tí ọyẹ́ dé, Basit ọmọ wọn ti Èkó wá.

"Màámi, ẹ jẹ́ ká ta irin yẹn fáwọn alálòkù."

Nírọ̀lẹ́, Karimat ń gbé igi sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń sinmi, títí iná fi ràn. Nígbà tó kírun àsùbáà tán, ó padà síbẹ̀. Iná ti kú, àmọ́ ara táńkì ṣì ń móoru. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fẹ̀yìn tì í, ooru náà sì rọra ń wọ egungun rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Basit," ló wí. Oorun sì gbé e lọ.