Ibà Tó Sùn Sínú Ẹ̀dọ̀

Ìró bẹ́ẹ̀dì onírin ni ohun àkọ́kọ́ tí ọmọkùnrin kan lè rántí láyé. Gbọ̀n, gbọ̀n, gbọ̀n: ibà ló ń gbọn baba rẹ̀, tí bẹ́ẹ̀dì sì ń kan ògiri. Baba náà ti ti ìrìn àjò dé láti bí oṣù mẹ́fà, ó ti lo oògùn, ibà sì tún padà. Àwọn ará ilé ní ọ̀lẹ ló ń ṣe é. Ìyá rẹ̀ nìkan ló ń ṣẹ̀fẹ̀: "Ibà yìí mọ ọ̀nà ilé wa ju àwọn àna mi lọ."

Ọmọ ọjọ́ náà ti dàgbà báyìí. Inú yàrá kékeré kan lẹ́yìn ilé ìwòsàn, tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri, ló ti ń wá kòkòrò ibà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn arìnrìn-àjò. Ó máa ń di ojú kan bó bá ń wo inú awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń pè é ní Olójú-Kan. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ ti lọ. Ọjọ́ mìíràn, "ẹ káàárọ̀" nìkan ló máa bá ènìyàn sọ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, dókítà ọ̀dọ́mọbìnrin kan gbé gíláàsì pẹlẹbẹ tí wọ́n tẹ́ ẹ̀jẹ̀ sí kalẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Bàbá, ẹ bá mi wo eléyìí kíá. Awakọ̀ ọkọ̀ ẹrù tó wá lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni, ibà tún ti dá a dùbúlẹ̀. Ó ń búra pé òun lo oògùn tán. Irọ́ ni! Ìyàwó rẹ̀ pàápàá ò gbà á gbọ́. Inú gọ́tà ló dà á sí."

"Ṣé ẹ̀yin lẹ bá a dà á ni?"

"Ẹ má bínú, sà. Oògùn yẹn náà ni mo fẹ́ tún kọ fún un, kó máa lọ sílé."

Ó di ojú kan. Apá méjì ni ẹ̀jẹ̀ wà lórí gíláàsì, èyí tó ki àti èyí tí wọ́n tẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Èyí tó fẹ́lẹ́ ló wò, kò sì kánjú. Nígbà tó yá, ó rí i: hóró ẹ̀jẹ̀ tí kòkòrò wà nínú rẹ̀, tó wú, tó gùn bí ẹyin, tí etí rẹ̀ já wẹ́lẹwẹ̀lẹ bí etí aṣọ gbígbó. Irú ibà yìí máa ń fi kòkòrò pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀. Oògùn ibà tí gbogbo ènìyàn ń lò kì í dé ibẹ̀; kòkòrò á sùn fún ọ̀pọ̀ oṣù, á tún jí.

Ó ṣí ìwé àkọsílẹ̀. Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, òun fúnra rẹ̀ ló ti kọ irú ibà mìíràn síwájú orúkọ awakọ̀ náà. Ẹ̀jẹ̀ tó ki nìkan ló wò lọ́jọ́ náà. Omi tí a fi ń ṣètò èyí tó ki máa ń fọ́ hóró ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀. A ń rí kòkòrò, a kì í rí hóró tó jẹ́ ilé rẹ̀. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó bí dókítà yìí. Ó kàn ń kánjú lọ sílé ni, sílé tí ẹnikẹ́ni kò sí.

Bó bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Awakọ̀ náà ni yóò máa jẹ́ òpùrọ́ lọ. Bẹ́ẹ̀dì onírin ń dún létí rẹ̀.

"Dókítà, ọkùnrin yẹn ò purọ́. Èmi ni mo ṣì í wò."

"Ẹ̀yin kẹ̀, Bàbá?"

"Wọ́n ní àgbà kì í sáré lásán. Èmi sáré lásán. Ẹ sọ fún un níṣojú ìyàwó rẹ̀ pé kò jẹ̀bi. Lẹ́yìn náà, kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ara rẹ̀ lè gba oògùn tó ń lé kòkòrò yìí kúrò nínú ẹ̀dọ̀."

"Wọ́n á kọ àṣìṣe yìí sínú fáìlì yín o."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́."

Dókítà jáde lọ bá awakọ̀ náà. Ìró bàtà rẹ̀ ń dín kù, ó ń dín kù, ó tán.

Olójú-Kan fa ilà pupa sórí ohun tó ti kọ, ó kọ òótọ́ sábẹ́ rẹ̀. Ó mú bébà rírọ̀, ó nu òróró tó fi wo ẹ̀jẹ̀ kúrò lójú awò, ó tún un nù, títí bébà fi jáde ní funfun. Ó wá fi aṣọ bo awò náà.