Ohun Tí A Sọ fún Un Kó Tó Wọ Ilé Ìwé

Ọmọ mi obìnrin ń sún mọ́ ọmọ ọdún mẹ́rin nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi sọ pé ó ti tó kí á fi í sí nọ́sìrì. Àwa mẹ́ta la jọ ń gbé nínú yàrá méjì tí mo háyà ní Lásùnwọ̀n, ní Ìkòròdú. Ìyàwó mi bí ọmọ náà tán, kò rí ọ̀sẹ̀ kejì. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí kò bímọ rí, ló kó ẹrù wọn láti Ìwó wá bá mi tọ́ ọ. Àwọn ni ọmọ náà ń pè ní Mọ́mì. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ bẹ́ẹ̀; bó ṣe bá ẹnu rẹ̀ nìyẹn.

Àwọn náà ló ń múra rẹ̀ sílẹ̀ fún ilé ìwé. Wọ́n kọ́ ọ bí a ṣe ń de bọ́tìnì, bí kò ṣe ní í wọ bàtà ọ̀tún sí òsì, àti bó ṣe máa tètè sọ fún tíṣà tí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n ọ́n. Wọ́n á bu ìrẹsì sínú kúlà kékeré, wọ́n á ní kó ṣí i fúnra rẹ̀, kó jẹun, kó sì dé e padà. Bí mo bá ti ìdí iṣẹ́ káfíńtà dé, màá bá àwọn méjèèjì lórí ẹní, tí wọ́n ń ṣe tíṣà àti akẹ́kọ̀ọ́.

Lọ́jọ́ tí mo mú un lọ forúkọ sílẹ̀, tíṣà kan fà á mọ́ra, ó bi í ní orúkọ rẹ̀. Ó dáhùn. Ó bi í ní orúkọ ìyá rẹ̀, ó sì dárúkọ ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ ṣe rí fún tíṣà náà ṣáájú, nítorí náà ó kàn wò mí ni. Bí a ṣe ń jáde ló rọra sọ pé, "Dádì, ẹ sọ fún un nílé. Àwọn ọmọ àdúgbò yín pọ̀ níbí. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ pé ẹnu ọmọdé ló ti máa gbọ́ ọ."

Mo sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi. Aṣọ ni wọ́n ń ká, wọn kò dáwọ́ dúró.

"Tó bá ti gbọ́, kí ni mo wá jẹ́ sí i?"

"Ẹ̀yin náà ni Mọ́mì ẹ̀."

"O ò lè bá mi ṣèlérí ohun tó máa ti ẹnu ọmọdé jáde."

Wọ́n jáde lọ pọnmi, wọ́n sì pẹ́. Nígbà tí wọ́n dé, ojú wọn ti pọ́n. Wọ́n ní, "Jẹ́ ká mú un lọ bá ìyá àgbà. Ẹni tó bí olóògbé ló yẹ kó sọ ọ́."

Ìyá ìyàwó mi ni wọ́n ń sọ. Ìlàjẹ ni ìyá náà, abúlé apẹja kan létí ọ̀sà ní apá Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ń gbé. A lọ lọ́jọ́ Sátidé. Láti Agbówà ni ọmọ náà ti sùn lọ lórí itan ẹ̀gbọ́n mi.

A bá ìyá àgbà nídìí ààrò, wọ́n ń yan ẹja. Wọ́n fi ọmọ náà jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọn kò sì yí ọ̀rọ̀ po.

"Ìyá tó bí ọ, ọmọ mi ni. Ó ti kú. O ṣì kéré gan-an nígbà náà. Mọ́mì rẹ tí ẹ jọ wá yìí, àwọn ló gbà ọ́ tọ́."

Ọmọ náà béèrè bóyá ó máa padà wá. Ìyá àgbà ní rárá, ẹni tó bá kú kì í padà. Ọmọ náà ń wo ẹja.

"Ṣé ó rí mi?"

"Ó rí ọ. Ó gbé ọ sáyà. Ó ní etí rẹ jọ tèmi."

Ọmọ náà fọwọ́ kan etí ara rẹ̀, ó sì na ọwọ́ kan ti ìyá àgbà. Èmi kò mọ̀ pé ìyàwó mi sọ bẹ́ẹ̀ rí. Mo bọ́ síta, mo kọjú sí ọ̀sà títí omijé mi fi gbẹ.

Nígbà tí a padà dé ilé, ọmọ náà kò pe ẹ̀gbọ́n mi ní ohunkóhun mọ́. Bí òǹgbẹ bá ń gbẹ ẹ́, á wá dúró níwájú wọn, á na ife sí wọn. Wọ́n á bu omi fún un, wọn kò ní bi í ní nǹkan kan. Oúnjẹ wọn dínkù, mo sì ń rò ó pé bóyá mo ti ba nǹkan jẹ́. Àfi ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí wọ́n ń wẹ̀ ẹ́, tí ọṣẹ kó sí i lójú.

"Mọ́mì, ojú mi."

Wọ́n bomi sí i lójú, wọ́n fi ẹnu fẹ́ ẹ. Wọ́n wá wẹ̀ ẹ́ títí omi inú bọ́kẹ́ẹ̀tì fi tán.

Àwa méjèèjì la sìn ín lọ lọ́jọ́ tí ilé ìwé wọlé. Ó sunkún, ó di ìró ẹ̀gbọ́n mi mú, títí tíṣà fi gbé e wọlé. A dúró lẹ́yìn fẹ́ǹsì, a ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láàárín ti àwọn yòókù, títí a kò fi lè yà á sọ́tọ̀ mọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ó yẹ kí ìyàwó rẹ rí òní."

Láti ìgbà tí a ti sin ín, yàtọ̀ sí ọjọ́ tí wọ́n ní ká lọ bá ìyá àgbà, wọn kò mẹ́nu kàn án sí mi létí rí. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n ṣì rántí bó ṣe máa ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní àwọn rántí. A sì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bọ̀ lójú ọ̀nà títí a fi délé.